Ẹsẹ̀ Funfun tí Sebati Yà Jáde Nílé

Sebati, ìyàwó àbúrò ọkọ mi, kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń tì kiri. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dáná nílé wa, egungun ẹja gún un lọ́wọ́. Kò sunkún. Ó ní ẹja yẹn gan-an ni kí wọ́n kọ́kọ́ dín.

Etí òkun ni abúlé wa wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ìjọba ti ń dán mísáìlì wò. Ọfà iná làwa ń pè é. Bí wọ́n bá fẹ́ ta ọ̀kan, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kù sílé. A ó ti ilẹ̀kùn, a ó ká ẹní, a ó fa ewúrẹ́, ó di ilé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́yìn oko ìrẹsì. Ó ti mọ́ wa lára.

Àfi ọdún tí títa náà bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ oṣù ìkórè. Ọjọ́ yẹn ni Lakshmi, òrìṣà tó jẹ́ ìyá ọlà, máa ń wọlé tọni. Àwa obìnrin á gbálẹ̀, a ó rẹ ìrẹsì, a ó lọ̀ ọ́, a ó sì fi omi rẹ̀ ya ẹsẹ̀ funfun kéékèèké láti ìta wọ inú ilé, kó lè mọ ọ̀nà. Ilé tó bá bá ní títì, ńṣe ló ń kọjá lọ.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Sebati bí, Gagan, tó ń ṣọ́ ààlà lórí òkè yìnyín. Ọdọọdún ló ń bẹ Lakshmi kó dá a padà fóun láàyè. Ló bá jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó lóun ò lọ síbì kankan.

Ọ̀gá Routray, tó ń kó wa jáde, dé. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ilé yín nìkan ló kù. Tẹ́ ò bá jáde, a ò lè ta á.”

“Ẹ ta á lọ́la.”

“Òní nìkan ni ojú ọjọ́ gbà wá, Ìyá.”

“Ẹ lè ta á dé ilẹ̀ àwọn tó ń halẹ̀ mọ́ wa, ẹ ò wá lè ta á dé Ọjọ́ Ẹtì?”

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Routray náà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo sún mọ́ ọn. “Sebati, àwọn tó dojú kọ Gagan lókè yẹn, ṣé wọ́n ní ọfà tiwọn?”

“Wọ́n ní i, ìyáálé mi. Àwọn ará ìwọ̀-oòrùn, lápá ààlà kejì, náà ní i.”

“Ṣé kí wọ́n máa rò pé Gagan nìkan ló dá dúró níbẹ̀, tí kò sí ọfà kankan lẹ́yìn rẹ̀ ni?”

Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo ọ̀nà. Ló bá gbé abọ́ omi ìrẹsì, ó kẹ́yìn sílé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ya ẹsẹ̀ kan tó kọjú síta.

“Kí lò ń ṣe yẹn?”

“Ẹ fún mi láyè, ìyáálé mi. Bí Lakshmi bá dé tí kò bá wa nílé, kó máa tọ̀ wá bọ̀.”

Bó ṣe ń yà á lọ nìyẹn. Àwa yòókù sáré lọ gbé abọ́ tiwa, ọ̀nà bá funfun títí dé oko ìrẹsì. Mo gbọ́ tí Routray ń sọ lórí fóònù pé, “Ẹ ní sùúrù, ọ̀gá, àwọn ìyá ń bọ̀.” Ó bọ́ bàtà rẹ̀, inú koríko ló ń gbà kó má baà tẹ ẹsẹ̀ Lakshmi.

Ẹnu ọ̀nà kíláàsì la ya èyí tó gbẹ̀yìn sí. Kò pẹ́, ilẹ̀ mì, ewúrẹ́ ké, ọfà náà sì gòkè pẹ̀lú ìrù funfun. Orí mi wú. Mo tún rántí pé lọ́jọ́ tí àwọn ará ibòmíràn bá ń ta tiwọn, ìyá kan níbẹ̀ náà á máa ká ẹní rẹ̀.

Nígbà tí a ń padà, Sebati ní a ò ní fi Lakshmi sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́. La bá tún ya ẹsẹ̀ wá sílé. Ẹ̀yìn dùn mí!

Lọ́jọ́ kejì ni Gagan pè. “Màmá, wọ́n ní wọ́n ta ọ̀kan lọ́dọ̀ yín?”

“Wọ́n ta kí ni? Àwa la ta á,” ni Sebati wí. “Ìwọ ṣáà máa bọ̀ wá jẹ ẹja. A ti ya ọ̀nà sílẹ̀.”