Wọ́n Wọn Ẹ̀jẹ̀ Ríru Tàntí Ablá, Wọ́n sì Gbé Èsì Rẹ̀ Lọ

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ àwọn olùwádìí, nítorí inú ṣì ń bí mi!

Àwọn kan ti ìlú ńlá wá sí Agbonou wa níbí, lẹ́bàá Atakpamé ní Tógò, tàwọn ti fìlà tí wọ́n kọ orúkọ iléeṣẹ́ wọn sí àti èdè Faransé tó ki ju fùfú lọ. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ ohun tó ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru lágbègbè wa. Ó dáa. Ta ni kò fẹ́ mọ̀ ọ́n?

Tàntí Ablá, àbúrò ìyá mi tó ń ta gàrí lẹ́bàá títì, wọ aṣọ ìsìn rẹ̀ lọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n fún un ní ọṣẹ, wọ́n ní ẹ ṣé o, màmá, ẹni tó kàn!

Ó padà délé, ó ń yọ̀. Mo bi í pé kí ni wọ́n wí.

"Kí ni wọn ì bá tún wí? Ara mi ti dá! Wọn ò kọ ìwé oògùn fún mi."

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Lọ́dọ̀ wa níbí, dókítà tó bá rí àìsàn lára ẹni, ìwé oògùn ló ń kọ. Èyí tí kò kọ nǹkan kan, àlàáfíà ló rí. Bí a ṣe mọ̀ wọ́n nìyẹn. Tàntí bá ti oògùn rẹ̀ sẹ́yìn àpótí, ó ní kí àwọn aláìsàn máa gbé e mì.

Kò pẹ́ tí òòyì fi kọ́ ọ nídìí ọjà. Ó ṣubú, gàrí dànù. Zémíjàn la fi gbé e dé ilé ìwòsàn, ó wà láàárín èmi àti ọlọ́kadà bí ẹrù. Nọ́ọ̀sì wo ẹ̀rọ, ó wò mí, ó bi mí pé ta ló ní kí màmá yìí fi oògùn sílẹ̀. Ó ní díẹ̀ ló kù kó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀!

Mo wá gbọ́ pé àwọn olùwádìí náà ń ṣe àpérò ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Atakpamé. Mo wọlé. Ọ̀gá wọn ń ṣàlàyé pé àìmọ̀kan wà lára ohun tó ń kó àwa ará abúlé sínú ewu. Àìmọ̀kan! Ta ló gbé ohun tó yẹ ká mọ̀ lọ?

Mo dìde, mo ní kó sọ fún mi bóyá ẹ̀jẹ̀ Tàntí mi ga lọ́jọ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ìlànà àwọn kò gba kí àwọn sọ èsì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, gbogbo ìlú làwọn ń wò.

"Ọ̀gá, ìlú ò lápá o! Apá Tàntí mi lẹ so ẹ̀rọ mọ́!"

Kó tó fèsì, wọ́n pè wọ́n sídìí oúnjẹ. Ẹran díndín oníyọ̀ ni, lẹ́yìn àwòrán tí ọ̀gá náà fi hàn lára ògiri pé ká dín iyọ̀ kù!

Tàntí ti padà sídìí oògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn mìíràn wá láti wo ìtọ̀ ṣúgà, àyẹ̀wò tó lè ràn án lọ́wọ́ gan-an, ó fi apá pamọ́ sábẹ́ aṣọ.

"Ẹ̀jẹ̀ mi tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ rí nínú rẹ̀."



Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, àyẹ̀wò dára, ẹ má sá fún un. Àmọ́ kí ẹ tó dìde lórí àga, ẹ ní kí wọ́n sọ èsì yín fún yín lójúkojú. Ẹ má sì dá oògùn dúró nítorí pé olùwádìí dákẹ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ yín lọ bẹ́ẹ̀ rí? Ẹ kọ ọ́ síbí, kí ẹlòmíràn rí i kó tó na apá rẹ̀.