Òòfà Ọkọ̀ Omi Lára Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá

Iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ omi ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ṣe ní Ubeji, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìlàjẹ. Èmi ń wé kọ́ìlì jẹnẹrétọ̀ ní Warri–Sapele Road. Nígbà tó sọ fún mi pé òun ń kan ọkọ̀ òfuurufú, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Òun kò rẹ́rìn-ín. Òkun ti gbé ilé bàbá wa lọ ní abúlé, ó sì ti gbé ibojì ìyá wa mọ́ ọn. Ó ní òun kàn fẹ́ rí ibẹ̀ láti òkè, kí òun tó kú.

Páìpù alumíníọ̀mù àti tapólì ló fi kan án, nínú ọgbà àna rẹ̀ ní Ekete. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò kékeré ẹlẹ́yìn roboto tí à ń pè ní ìjàpá ló gbé sí i, torí afẹ́fẹ́ ló ń mú ìyẹn tutù, kò nílò omi. Àmọ́ dáínámò rẹ̀ wúwo bí ọmọ odó. Ẹ̀gbọ́n mi yọ ọ́ dànù, ó mú irin roboto tí wọ́n lẹ òòfà sínú rẹ̀ láti ara ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ omi àlòkù, ó dè é mọ́ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì náà. Èmi ni mo wé kọ́ìlì tí òòfà yóò máa yí po, kí iná lè dé púlọ́ọ̀gì. Nígbà tí iná yọ, èmi gan-an gbà pé nǹkan yìí yóò fò.

Ọ̀kan nínú òòfà náà ń mì. Gọ́ọ̀mù tí a fi ń dí ojú ihò ọkọ̀ omi ni ẹ̀gbọ́n mi fi lẹ̀ ẹ́ padà. Mo bi í bóyá yóò dúró.

“No fear,” ó ní. “Gọ́ọ̀mù yìí ni bàbá wa lò láyé rẹ̀, omi ò sì wọ ọkọ̀ rẹ̀ rí.”

Òótọ́ ni. Kò sí ẹni tó rántí nínú wa pé odò ló ń mú ara ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ omi tutù. Gọ́ọ̀mù náà kò mọ ooru rí.

A fi okùn so ìrù ọkọ̀ òfuurufú náà mọ́ igi ọ̀pẹ, a tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láti dán an wò. Ó ń bú, kò lọ síbì kan, ara rẹ̀ sì ń gbóná. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ó ń tẹ́tí, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Mo gbọ́ kọ̀ọ́, mo rò pé òkúta ni. Òòfà náà ló já, tó fọ́ yángá sí i lójú. Ojú kan lọ lọ́jọ́ náà. Èkejì ṣe bí ẹni ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, òun náà tẹ̀lé e. Inú ṣì ń bí mi, n kò kàn mọ ẹni tí mo ń bínú sí.

Báyìí, iwájú ilé ló ń jókòó sí, àwọn ọmọ rẹ̀ á máa sọ ohun tó ń kọjá lórí omi fún un. “Papa, na barge dey pass.” Á mi orí.

Lọ́jọ́ kan, mo ní kó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, torí bó bá jẹ́ pé òkè lójú òfuurufú ni òòfà náà ti já, à bá ti sin ín. Ó kọjú sí ibi tí ìró omi ti ń wá.

“Àbúrò,” ó ní, “ǹ bá ti kọ́kọ́ rí ibẹ̀ ná.”