Wọ́n Bi Àǹtí Morfudd Lẹ́ẹ̀kan Péré

Àǹtí Morfudd ti oko Hafod Wen ní ilẹ̀ Wélsì kú láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kejì ọdún yìí, lórí ilẹ̀ yàrá ẹ̀wọ̀n kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí kò ti sí ẹnì kan ṣoṣo tó lè kí i "ẹ káàárọ̀" ní èdè tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ. Àyà ló ń dùn ún. Àwọn ìjọba sọ fún wa pé ikú ara rẹ̀ ló kú, pé kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ lóòótọ́. Ká ní ọwọ́ ẹnì kan wà níbẹ̀ ni, ọwọ́ tó kàn fi kan iwájú orí rẹ̀ lásán, bóyá àwa àti òun ì bá jọ ká ìwé ìròyìn àdúgbò wa yìí pọ̀ nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sẹ̀ yìí, bí a ti máa ń ṣe lóṣooṣù.

Láti ìgbà tí a ti sin ín, ilé mi ò tù mí lára mọ́. Ìsàlẹ̀ òkè Hafod Wen gan-an ni mò ń gbé, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn sì ni Àǹtí máa ń gbà wọlé, torí pé oníwàásù àti agbowó-orí nìkan ló ń gba ọ̀nà iwájú ní àdúgbò wa. Bí omi tíì bá ti ń hó nírọ̀lẹ́, mo máa ń gbọ́ tí ó ń nu bàtà òjò rẹ̀ mọ́ òkúta àtẹ̀gùn. Mo máa ń dìde lọ ṣílẹ̀kùn. Atẹ́gùn ni mo ń bá. Ẹ má sọ pé orí mi ti dàrú, torí Mot, ajá rẹ̀ tí mo gbà sọ́dọ̀, máa ń dé ìdí ilẹ̀kùn ṣáájú mi.

Nígbà tó wà láyé, yóò dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn bí ẹni tó ṣìnà.

"Àǹtí, ẹ wọlé, ẹ wá mu tíì."

"Rárá o, mi ò dúró. Mo ní kí n kàn yà kí ọ ni."

"Omi ti hó o, Àǹtí."

"Má yọ ara rẹ lẹ́nu, ọmọ yìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tán nílé ni."

"Ẹ jókòó jàre, ẹ má jẹ́ kí tíì tutù."

"Ó dáa. Bó bá jẹ́ pé o ti pò ó tẹ́lẹ̀ ni o."

Lẹ́yìn náà ni yóò jókòó, yóò sì jẹ bara brith, búrẹ́dì eléso wa yẹn, pẹ̀lú bọ́tà, títí tí àwo á fi mọ́ lau. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa ní àfonífojì Cwm Helyg. Ẹni tó bá gba nǹkan nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, wọ̀bìà là ń pè é. Ẹni tó bá sì fi nǹkan lọ àlejò lẹ́ẹ̀kan tó wá jókòó ti ara rẹ̀, ahun ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta là ń béèrè. Ọmọ ọdún márùn-ún mọ èyí nílé wa, Àǹtí Morfudd ló sì kọ́ ọ̀pọ̀ wọn, torí òun ló ń kọ́ wa ní ẹsẹ Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi. Bí a bá mọ̀ ọ́n sórí, súìtì kan. Bí a ò bá mọ̀ ọ́n, súìtì kan náà ni, pẹ̀lú ìkìlọ̀.

A ò ní fi irọ́ sin òkú. Àǹtí ṣẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Idwal, kú nígbà ìwọ́wé ọdún tó ṣáájú èṣí, ìbànújẹ́ sì dá obìnrin yìí dùbúlẹ̀ bí àìsàn. Kò kúrò lórí ibùsùn mọ́. Yìnyín wá dí ojú ọ̀nà òkè. Nígbà tó máa fi yọ́, àgùntàn ti kú kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri òkúta, àwọn tó kù sì rù kan egungun. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ẹran wò dé, ọ̀rọ̀ di ti kóòtù. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí agbẹjọ́rò ìjọba dìde.

Ó ní, "Olúwa mi, àgùntàn kì í ké nígbà tí ara rẹ̀ ò bá yá. Ó máa ń fi pa mọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí òfin fi ní iṣẹ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ni láti dìde lọ wò ó. Kò gbọdọ̀ jókòó sílé kó wá sọ pé òun ò gbọ́ igbe."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Àǹtí fúnra rẹ̀ mi orí sí i láti ibi tó dúró sí. Adájọ́ sọ ọ́ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́rin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi eléyìí sọ́kàn: èdè Wélsì ni wọ́n fi gbọ́ ẹjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí òfin fún un láyè bẹ́ẹ̀. Èdè wa dára tó láti fi dá a lẹ́bi. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ bi í léèrè ibi tó ń dùn ún ni èdè náà ò dára mọ́.

Ní gbogbo ilẹ̀ Wélsì, láti etí òkun dé etí òkun, kò sí ọgbà ẹ̀wọ̀n obìnrin kan ṣoṣo. Ti ọkùnrin wà. Àbí wọ́n rò pé obìnrin wa kì í ṣẹ̀ ni? Tàbí pé bó bá ṣẹ̀, kò ní ìyá, kò ní ọmọ, kò ní àbúrò tó máa fẹ́ rí ojú rẹ̀? Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ká tiẹ̀ má sọ àjò ẹ̀wọ̀n. Wọ́n tì í sínú ọkọ̀ ẹ̀wọ̀n tí kò ní fèrèsé, wọ́n sì gbé e kọjá ààlà.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Tegwen, nìkan ló kù fún un láyé. Tegwen kì í wa mọ́tò. Ó wọ bọ́ọ̀sì, ó wọ rélùwéè, ó tún bọ́ sí rélùwéè mìíràn, bara brith wà nínú àpò rẹ̀. Rélùwéè kejì pẹ́. Nígbà tó dé ẹnu géètì, àkókò ìbẹ̀wò ti kọjá. Ẹ̀ṣọ́ ní kó wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bí ẹni pé òpópónà kejì ló ń gbé. Tegwen gbé búrẹ́dì rẹ̀ padà wálé, kò sì lè jẹ ẹ́.

Tẹlifóònù ló wá kù. Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ohùn ọkùnrin kan láti ọgbà ẹ̀wọ̀n fi já wọ inú rẹ̀: "Ẹ sọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yin ìyá. A gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ẹ ń sọ." Kí ni wọ́n ń sọ? Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ẹsẹ̀ Mot tó wú.

Tegwen sọ fún mi nínú gbọ̀ngàn níbi tí a ti ń ká ìwé, kò sì dáwọ́ ìwé kíká dúró. "O ò lè mọ bó ṣe rí. Látìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò bá ẹ̀gbọ́n mi sọ Gẹ̀ẹ́sì rí. Àfi bí ìgbà tí mò ń bá òṣìṣẹ́ báńkì sọ̀rọ̀. Mo ní ara ńkọ́, ó ní dáadáa ni, o ṣeun. O ṣeun! Èmi tó máa ń pè ní olórí kunkun! Kí ni mo fẹ́ sọ sí ìyẹn? Mo ní ẹ ṣeun náà ni."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wọn títí tí àyà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dun Morfudd, tí Tegwen ò sì mọ̀. Àwọn tó ń fetí kọ́ tẹlifóònù gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn kedere. Kí ni wọ́n wá fi ṣe?

Ọjọ́ ìsìnkú ni a tó mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Obìnrin kan wá láti Liverpool, Denise lorúkọ rẹ̀, òun àti Àǹtí ni wọ́n jọ wà nínú yàrá kan náà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u sílẹ̀ ni, ó sì wọ bọ́ọ̀sì wá sin ẹni tí òun ò gbọ́ èdè rẹ̀. Ó jókòó sí kọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn nígbà tí a ń jẹun lẹ́yìn ìsìnkú, Gẹ̀ẹ́sì sì ni gbogbo wa ń sọ nítorí rẹ̀. Tegwen gbé àwo ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sísè tó ti tutù dé iwájú rẹ̀, ó ní ṣé ó máa jẹ. Denise ní òun á jẹ, ó mú mẹ́ta. Àwọn ìyá ìjọ wo ara wọn.

Denise rí wọn. "Ẹ má bínú," ó wí, "níbi tí mo ti wá, bí o bá ṣe yàǹgà, o máa febi sùn ni." Ẹ̀rín sọ. Àárín èyí ni Tegwen dé ọ̀dọ̀ bàbá àgbà kan, tó ní òun ò jẹun. Ó tún fi lọ̀ ọ́. Bàbá ní rárá o, òun ti yó. Ó fi lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Bàbá ní ó dáa, kó fi díẹ̀ síbẹ̀, ó sì bu òkè ńlá.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi," Denise wí. "Bàbá yẹn ti ní òun ò jẹ. Kí ló dé tí ẹ ṣì ń bi í?"

"Kò tíì kọ̀ nígbà yẹn ni," Tegwen dá a lóhùn.

"Ó ní rárá. Ẹ̀ẹ̀mejì. Mo gbọ́ ọ."

"Rárá ìwà ọmọlúàbí nìyẹn, ọmọ mi. Kì í ṣe kíkọ̀."

Denise gbé àwo rẹ̀ sílẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà, ó funfun bí aṣọ tábìlì. "Olúwa mi o," ó wí. "Wọ́n bi í lẹ́ẹ̀kan péré."

Ó wá sọ ọ́. Ó ní Àǹtí ti ń fi ọwọ́ di àyà fún ọjọ́ bíi mélòó kan, tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ní èdè tí òun ò gbọ́. Ní Ọjọ́rú, òun tẹ aago. Nọ́ọ̀sì wá nígbà tó ń pín oògùn ìrọ̀lẹ́, ó yọjú láti ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ìyá, ṣé kí n pe dókítà?" Àǹtí Morfudd rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Rárá o, ẹ ṣeun. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu." Nọ́ọ̀sì ní kò burú. Ó ti ilẹ̀kùn, ó lọ.

"Ó ń wo ilẹ̀kùn yẹn," Denise wí. "Ó wò ó títí. Mo rò pé ó ń wo òfìfo ni. Ṣé ó ń retí kí wọ́n padà wá bi òun ni?"

Tegwen di obìnrin náà mú, àwọn méjèèjì bú sẹ́kún. Denise ní nígbà tí òun jí láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Àǹtí ti wà nílẹ̀, ó sì ń pe ẹnì kan tó ń jẹ́ Mot. "Mo rò pé ọkọ rẹ̀ ni. Mo ní, Mot ń bọ̀, ìyá, Mot ń bọ̀."

Èmi tí ajá náà wà ní ìdí ìjókòó mi, mi ò lè gbé ojú sókè.

Tegwen pe ọgbà ẹ̀wọ̀n lẹ́yìn ìsìnkú. Ọkùnrin olóhùn jẹ́jẹ́ kan dá a lóhùn. Ó ní àwọn kẹ́dùn. Ó ní wọ́n fi dókítà lọ̀ ọ́, ó kọ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni láti kọ̀. Tegwen ní èdè ńkọ́? Ó ní àwọn ti pèsè fún èdè Wélsì dáadáa. Denise ti rí ìpèsè náà: káàdì kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ibi tí wọ́n ti ń gba ẹlẹ́wọ̀n wọlé, tí wọ́n kọ "Ẹ káàbọ̀" sí ní èdè wa. Ká ní Àǹtí dá káàdì náà lóhùn, ta ló wà lẹ́yìn ògiri tó máa gbọ́?

Mi ò wá orúkọ nọ́ọ̀sì yẹn. Ó ní ilẹ̀kùn púpọ̀ láti yọjú sí, Gẹ̀ẹ́sì ló gbọ́, ó sì gbọ́ "rárá". Ká ní ọmọ àfonífojì kan bíi tiwa wà níbẹ̀, ì báà jẹ́ ẹni tó ń gbálẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ní èdè wa ni ì bá sọ: "Àǹtí, ẹ jókòó jàre." Àyà yẹn ì bá ṣí sílẹ̀ fún un. Ẹni tí mò ń wá ni ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì, tó mọ̀ pé obìnrin wa ń lọ sí ìdálẹ̀ lọ́dọọdún, tó sì rò pé káàdì kan tó wọn.

Mo sì ń wá agbẹjọ́rò yẹn, kó wá bá mi tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Àgùntàn kì í ké, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ó máa ń fi pa mọ́. Iṣẹ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ni láti dìde lọ wò ó. Morfudd jẹ́ kí ẹran kú láìwò, ó gba ìdájọ́, kò janpata. Òun náà kú láìwò ní ọwọ́ yín, ẹ̀yin ìjọba. Ta ni yóò dúró níwájú adájọ́?

A fẹ́ kí ẹ wá síhìn-ín, sí Cwm Helyg, sínú gbọ̀ngàn tí a ti sìnkú rẹ̀, kí ẹ wá jẹ́jọ́ ní gbangba, ní èdè rẹ̀, kí Tegwen sì gbọ́ ọ. A fẹ́ orúkọ ẹni tí wọ́n fi ẹ̀mí rẹ̀ sí ní ìkáwọ́. A fẹ́ ibi tí obìnrin wa yóò ti máa ṣẹ̀wọ̀n rẹ̀ nínú ilẹ̀ wa, láàárín ẹni tó lè gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ "rárá" rẹ̀. A ti béèrè lọ́wọ́ yín lórí tẹlifóònù. Olóhùn jẹ́jẹ́ yín ní rárá, ẹ ṣeun.

Kò burú. Níbi tí wọ́n ti tọ́ wa dàgbà, rárá àkọ́kọ́ kì í ṣe ìdáhùn. A ó tún béèrè.