Ṣíbí Anselme Lábẹ́ Tábìlì Walburga

Ní abúlé tí Walburga ń gbé ní Bavaria, nílẹ̀ Jámánì, inú àwo ńlá kan ṣoṣo láàárín tábìlì ni gbogbo ará ilé ti ń jẹun. Tí wọ́n bá jẹun tán, kálukú á lá ṣíbí rẹ̀ mọ́, á fi há inú okùn awọ tí wọ́n kàn mọ́ abẹ́ tábìlì níbi ìjókòó rẹ̀.

Opó ni Walburga. Lọ́dún 1943, ogun ti gbé ọmọkùnrin rẹ̀ lọ sí Rọ́ṣíà. Anselme, ọmọ Faransé tí wọ́n mú lójú ogun, ló ń bá a roko. Àràárọ̀ ni wọ́n ń mú un wá láti àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Òfin ní ẹlẹ́wọ̀n kò gbọ́dọ̀ bá ará ilé jẹun lórí tábìlì kan náà. Walburga ní, "Ẹni tó ń bá mi ṣiṣẹ́ á bá mi jẹun," ó sì fún un ní àyè ọmọ rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí wọ́n ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, Xaver ọlọ́pàá yọ lẹ́nu ọ̀nà. Kíá, Anselme ti bu oúnjẹ sínú abọ́ kékeré kan, ó gbé e lọ sídìí ààrò bíi pé ibẹ̀ ló máa ń jẹun.

"Ìyá Walburga, mo bá yín níre o! Faransé yín yìí mà ti sanra jù mí lọ!"

"Wá bá mi wa ọ̀dùnkún, ìwọ náà á sanra."

Xaver bú sẹ́rìn-ín. Yéè! Ibẹ̀ ni Anselme ti dìde láìronú, ó na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì ńlá, ó fa ṣíbí rẹ̀ yọ níbi ìjókòó ọmọ Walburga.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu ọlọ́pàá. "Ìyá, nítorí ọmọ yín, mi ò ní fẹjọ́ yín sùn. Ṣùgbọ́n eléyìí ò ní padà síbí mọ́."

Lọ́jọ́ kejì, Anselme ti wà níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Ẹlẹ́wọ̀n mìíràn ni wọ́n mú wá. Ìdí ààrò ni Walburga gbé oúnjẹ ẹni tuntun náà sí. Kò béèrè orúkọ rẹ̀.