Ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì

Ojú tì mí lálẹ́ òní ní Èrúwà, níwájú ẹnu ọ̀nà tí kò ní ilẹ̀kùn.

Ọ̀la ni wọ́n máa wó ilé sinimá àtijọ́ yẹn. Mo fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀ kó tó lọ, àmọ́ bàbá kan dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹra. Ilé ni mo fẹ́ yà."

"Ọmọ Pólì, ṣé ilé ló ń já tíkẹ́ẹ̀tì ni?"

Àṣé Bàbá fúnra wọn ló ń já a níbẹ̀, láti ayé ṣílè títí dé ayé náírà.

"Mi ò wo sinimá kan dópin rí. Ẹnu ọ̀nà niṣẹ́ mi."

Bí wọ́n ṣe ń yẹra, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà sí àyè wọn lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n nawọ́ bí ẹni tó fẹ́ gba tíkẹ́ẹ̀tì.

Iná kámẹ́rà mi kò dé ara ilé. Bàbá nìkan ló hàn.

Ẹni tí òbí rẹ̀ bá yọ́ wọlé láìní tíkẹ́ẹ̀tì nígbà náà, kó jẹ́wọ́ nísàlẹ̀ fọ́tò yìí. Ọwọ́ Bàbá ṣì wà nínà.