Àdín Lára Ẹṣin Baálẹ̀

Nígbà tí mo ṣì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè gba abẹ́ ikùn ẹṣin kọjá láì tẹ orí ba, baba mi ni olùtọ́jú ẹṣin baálẹ̀ abúlé wa. Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ẹ ń gun alùpùpù láti Agbonou wọ Atakpamé, ẹ má rò pé ẹṣin pọ̀ nílẹ̀ wa nígbà yẹn o. Ilẹ̀ wa kò gba ẹṣin. Òkè lọ́hùn-ún, lápá Sokodé, ni wọ́n ti ń dà wọ́n wá, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í lo ọdún méjì kí àìsàn tó pa wọ́n. Ọ̀kan ṣoṣo ni baálẹ̀ ní, ẹṣin pupa kan tí iwájú orí rẹ̀ funfun. Òun ni baálẹ̀ ń gùn nígbà tí kòmáǹdà, òyìnbó Faransé tó ń ṣàkóso wa, bá ránṣẹ́ pè é sí Atakpamé.

Kí ẹ tó lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ẹṣin yìí fi ń dùn mí di òní, ẹ ní láti kọ́kọ́ mọ ohun kan. Àkókò tí òyìnbó ń la ojú irin kọjá Agbonou lọ sí òkè ni. Baálẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kó ọkùnrin sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà, wọn kì í sì í bi ẹnikẹ́ni bóyá ó fẹ́ tàbí kò fẹ́. Àwọn kan padà wálé, àwọn kan kò padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń tọ́jú ẹṣin baálẹ̀, wọn kì í mú un. Ẹṣin yẹn ló dá baba mi sí nílé. Ìyá mi mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ, ìdí nìyí tó fi máa ń kí ẹṣin náà láàárọ̀ kó tó kí ọkọ rẹ̀.

Ní ọdún kan, bí òjò ti bẹ̀rẹ̀, ìyọnu dé. Odò kékeré kan wà lẹ́yìn abúlé wa, omi rẹ̀ a máa dúró sójú kan, ibẹ̀ ni àwọn kòkòrò wínníwínní tí à ń pè ní kantíkantí ti ń jáde láfẹ̀mọ́júmọ́ àti nírọ̀lẹ́. Bí wọ́n bá jẹ ènìyàn, a ó họra díẹ̀, a ó gbàgbé. Ti ẹṣin yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ kò gba oró wọn rárá. Yóò máa fi ọrùn gbo ògiri, yóò máa fi ìdí gbo igi, títí gọ̀gọ̀ ọrùn rẹ̀ fi já tán, tí ìdí ìrù rẹ̀ sì bó di ẹran pupa. Ẹ̀jẹ̀ wà lára ògiri bí ẹni fi osùn kùn ún. Baálẹ̀ wò ó, ó ní, "Ṣé ẹṣin apárí ni mo fẹ́ gùn lọ bá òyìnbó?" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Baba mi kò rẹ́rìn-ín.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí yóò fi lé kantíkantí. Ó kọ́kọ́ fi èèpo ẹ̀pà àti ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ dá ẹ̀fín. Kòkòrò lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹṣin ń wúkọ́, àwa náà ń wúkọ́. Ó rẹ ewé tábà sínú omi, ó fi wẹ̀ ẹ́. Ẹṣin lá ara rẹ̀, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń yí. Ewé efinrin tí a gún ló dára jù nínú gbogbo wọn, àmọ́ kí oòrùn tó yọ dáadáa òórùn rẹ̀ ti lọ. Ni baba mi bá fẹsẹ̀ rìn lọ sí Zongo, àdúgbò àwọn Haúsá ní Atakpamé, lọ́dọ̀ arúgbó kan tó ti bá ẹṣin dàgbà. Mo tẹ̀ lé e lọ, mo sì fi etí ara mi gbọ́ ohun tí arúgbó náà sọ: "Ohun tí kò bá lè dúró lára ẹṣin láti àárọ̀ di alẹ́, má fi ṣòfò. Ohun tó bá sì ń ta ọ́ bí o bá fi sójú ọgbẹ́ ara rẹ, má jẹ́ kó kan ọgbẹ́ ẹṣin. Àdín ni kí o lọ wá."

Ẹ gbọ́, àdín kò jìnnà sí wa. Iṣẹ́ ìyá mi ni. Òun ló ń yan ekùrọ́ títí yóò fi di òróró dúdú, òórùn rẹ̀ ló gba gbogbo ilé wa. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà baálẹ̀ ni wọ́n ń so ẹṣin mọ́, nítorí ẹṣin baálẹ̀ kì í gbé ẹ̀yìnkùlé, iyì ìlú ni. Ẹnu ọ̀nà yẹn náà sì ni Èṣù abúlé wà. Àdín ni èèwọ̀ Èṣù, ọmọdé mọ̀ ọ́n, àgbà mọ̀ ọ́n. Ìyá mi pàápàá, bó bá ń gbé àdín lọ sọ́jà, ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń gbà. Baba mi padà délé, ó jókòó, ó ní, "Oògùn wà nínú ilé mi, n kò sì lè lò ó." Ìyá mi, tó ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn fadá nígbà yẹn, ń gbọ́ ọ nídìí ekùrọ́ tó ń yan.

Láti ọjọ́ kejì, bí baba mi bá ti lọ gé koríko láfẹ̀mọ́júmọ́, ìyá mi á bu àdín díẹ̀ sínú igbá, á po efinrin mọ́ ọn, èmi àti òun á lọ bá ẹṣin. Èmi ni mo ń kun abẹ́ ikùn nítorí mo kúrú, òun ń kun ọrùn àti ìdí ìrù. Ó kìlọ̀ fún mi pé, "Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́, efinrin ni." Ẹṣin náà á dúró jẹ́ẹ́, á dijú, á máa mí lé mi lọ́rùn. N kò tíì tún ní ìdùnnú tó dà bí ti àwọn àárọ̀ wọ̀nyẹn. Kí oṣù tó parí, ọgbẹ́ ti jinná, irun tuntun ti ń hù lọ́rùn rẹ̀.

Baálẹ̀ gùn ún lọ sí Atakpamé. Nígbà tó padà dé, inú rẹ̀ dùn, ó pe ènìyàn jọ síwájú ilé, ó fi aṣọ kan ta baba mi lọ́rẹ. Ó ní, "Kí lo fi wò ó?" Baba mi dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Baba, ẹ̀fín àti ewé efinrin ni." Wọ́n ń yìn ín, wọ́n ń ṣàdúrà fún un. Èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin pẹ̀lú igbá omi, mo wo ìyá mi láàárín àwọn obìnrin. Ó tẹrí ba, kò sẹ́ni tó wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó dùn mí. Ó dùn mí gan-an ni. Mo la ẹnu, mo ní, "Kì í ṣe efinrin! Àdín ìyá mi ni. Èmi àti òun la fi ń pa á lára lójoojúmọ́."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Baba mi kò wo ìyá mi, èmi ló wò. Kò bínú, ojú rẹ̀ kàn dà bí ti ẹni tí ìkòkò omi bọ́ lórí rẹ̀. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ ìtumọ̀ ojú yẹn. Ọkùnrin tó lè gbọ́ òórùn ìtọ̀ ẹṣin kó sọ pé ara rẹ̀ kò yá, ṣé òun ni kò ní gbọ́ òórùn àdín? Baba mi mọ̀. Láti ọjọ́ kìíní ló ti mọ̀. Ó ń pẹ́ nídìí koríko kí a lè ráyè ṣe é ni.

Àgbà tó ń bọ Èṣù dìde, ó ní kí wọ́n fọ àdín náà kúrò kí oòrùn tó wọ̀, kí ibi má baà bá gbogbo abúlé. Wọ́n da epo pupa sí Èṣù láti fi tù ú. Wọ́n fi ọṣẹ fọ ẹṣin, àdín kò kúrò. Ẹnìkan bá sáré mú kẹrosíìnì àtùpà baálẹ̀ wá. Baba mi bẹ̀ wọ́n. Ó sọ ohun tí arúgbó Zongo wí. Ó tilẹ̀ da díẹ̀ sójú ibi tí koríko ti gé e lọ́wọ́, ó fi hàn wọ́n bó ṣe ń ta òun. Àwọn àgbà ní ara ènìyàn yàtọ̀ sí ti ẹṣin. Baálẹ̀ ń wolẹ̀. Nígbà tí baba mi rí i pé kò sí ọ̀nà, ó gba àkísà lọ́wọ́ wọn, ó ní òun fúnra òun ni yóò ṣe é.

N kò ní sọ bí ẹṣin náà ti ké. Ní ọjọ́ kẹta, awọ ọrùn rẹ̀ ti lé ròrò, ó ń bó. Eṣinṣin dé, ìdin tẹ̀ lé e. Baba mi ń yọ ìdin lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bá ẹṣin sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá sọ̀rọ̀. Ẹṣin kò jẹ koríko mọ́, kò mu omi mọ́. Kí wọ́n tó ná ọjà lẹ́ẹ̀kejì, ó ti kú.

Iṣu tuntun kò tíì jáde tí àwọn ẹ̀ṣọ́ kòmáǹdà fi dé láti gba ọkùnrin mẹ́wàá. Baálẹ̀ ka orúkọ, ti baba mi ló ṣe ìkẹta. Baálẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ẹni tí kò ní ẹṣin kò nílò olùtọ́jú ẹṣin, bó ṣe rí nìyẹn. Ìyá mi di gàrí àti ata sínú aṣọ fún un. Kó tó lọ, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní, "Máa ran ìyá rẹ lọ́wọ́ nídìí ekùrọ́." Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí, ẹnu mi tó yá níjọ́sí kò yá mọ́. Ìkórè méjì lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan láti Elavagnon tó bá a ṣiṣẹ́ wá sọ fún wa pé ìgbẹ́ ọ̀rìn ló pa á. Ó ní ẹ̀gbẹ́ ojú irin ni wọ́n sin ín sí, òun kò sì lè júwe ibẹ̀ mọ́.

Ayé ti yí. Àwọn tó ń sin ẹran lónìí ń lọ sí fámasí, wọ́n ń ra oògùn kòkòrò nínú ìgò, wọ́n ń ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára kí wọ́n tó lò ó. Koríko ti bo ojú irin náà. Kò sí baálẹ̀ tó lè mú ọkọ ẹnikẹ́ni lọ síbi iṣẹ́ mọ́, mo sì ń dúpẹ́ fún ìyẹn lójoojúmọ́. Ẹ̀yin ọmọ òde òní ń sọ ohun tó bá wà lọ́kàn yín níwájú àgbà, wọ́n tilẹ̀ ń kọ́ yín bẹ́ẹ̀ níléèwé, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sì sí ohun tó ń tìdí rẹ̀ yọ. N kò bá yín jà. Òótọ́ lèmi náà sọ.

Ìyá mi lo ogójì ọdún lẹ́yìn baba mi. Kò lù mí, kò bú mi, kò sì bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí ló mú mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ojoojúmọ́ ni mo ń retí ìbéèrè yẹn. Ǹ bá sọ fún un pé nítorí rẹ̀ ni, pé mo fẹ́ kí wọ́n yin òun náà. Ó kú láì bi mí.