Òjò Dídì Tí Ó Fẹ́ Dá Ìgbéyàwó Mi Dúró

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí ó fún mi ní aya, tí ó sì dá ẹ̀mí àwa méjèèjì sí títí tí mo fi lè jókòó rántí ọ̀rọ̀ yìí láìbínú púpọ̀.

Mo rántí ìgbà tí mo jẹ́ akọ̀wé ní ọ́físì òyìnbó kan ní Lọ́kọ́jà, kí a tó gba òmìnira. Oṣù Kejìlá ni, ọyẹ́ ti la ètè wa, a kò sì rí orí Òkè Patti mọ́ nínú eruku. Ọ̀gá mi fẹ́ gba ìsinmi lọ sí ìlú rẹ̀, níbi tí àwọn àgbàlagbà ti ń so pákó gígùn mọ́ ẹsẹ̀, tí wọ́n ń yọ̀ wálẹ̀ lórí òjò dídì láti orí òkè. Bí wọ́n bá dé ìsàlẹ̀, wọ́n á tún gòkè lọ yọ̀ wálẹ̀. Ohun tí àwọn ọmọdé wa ń fi ìdí ṣe lórí àpáta, tí ìyá wọn ń torí ṣòkòtò tó ń ya nà wọ́n, òun ni wọ́n ń wọ ọkọ̀ òkun lọ ṣe.

Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò ni, òjò dídì kò tíì nípọn. Àbúrò rẹ̀ ń tẹ wáyà sí i láti ibẹ̀: òkúta ṣì ń yọjú, koríko ṣì ń hàn. Ọ̀gá á kà á tán, á mí kanlẹ̀ bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ó ní òun ń dúró kí ó nípọn, akọ̀wé kankan kò sì gbọdọ̀ kúrò nílùú kí òun tó lọ.

Bẹ́ẹ̀ ìgbéyàwó mi ti kù sí dẹ̀dẹ̀ ní Kàbà. Wọ́n ti kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní ìdílé ìyàwó mi, ọkọ tí kò bá yọjú lẹ́yìn ìkéde kẹta, ó kọ̀ nìyẹn. Ọlọ́gbọ́n bí èmi wá ń gbàdúrà pé kí òjò dídì rọ̀ ní ìlú tí n kò dé rí! Mo tilẹ̀ ní kí ẹgbẹ́ akọrin bá mi fi í sínú àdúrà. Wọ́n ṣe àmín gbọnmọgbọnmọ.

Bàbá ìyàwó mi gbọ́, ó wọ lọ́rì wá bá mi, ó sì kí mi bí wọ́n ti ń kíni ní Kàbà.

"Okun o, ọmọ mi. Wọ́n ní o ò ní lè wá ní Sátidé?"

"Bàbá, òjò dídì ni kò tíì bo òkúta, sà."

"Òkúta ta ni?"

"Ti ìlú ọ̀gá mi, sà."

"Ṣé abẹ́ òkúta yẹn ni ọmọ mi wà ni? Ìwọ ń gbààwẹ̀, ẹni tí ò ń torí rẹ̀ gbà á ń jẹ ọ̀sán. Sátidé, aago mẹ́wàá. Bí o ò bá wá, kí o máa fẹ́ òjò dídì."

Mo lọ láìtọrọ àyè. Wọ́n so wá pọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń kọrin ọpẹ́, bí n ó ṣe bẹ ọ̀gá ni mo ń rò. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, mo wọ ọ́físì tìbẹ̀rù-tìbẹ̀rù. Ọ̀gá kò tilẹ̀ gbójú sókè nínú wáyà ọwọ́ rẹ̀.

"Akọ̀wé," ó ní, "ó ti bo òkúta. Ó ku koríko."

Kò mọ̀ pé mo kúrò nílùú.

Nígbà tí mo bá wo ìyá àwọn ọmọ mi lónìí, ó ń yà mí lẹ́nu pé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ tìtorí rẹ̀ pàdánù obìnrin yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, Olúwa kò ní fi ayọ̀ yín sí ìkáwọ́ ẹni tí kò rí yín. Àmín.